Bí òtútù òkun ṣe di oògùn ní Brighton

Nínú oṣù Kejì ọdún, omi òkun Brighton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sábà ju ìwọ̀n 10 lọ lórí Celsius. Síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ní ìlera làwọn ń wá. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn Dókítà Richard Russell.

Ní ọdún 1750, Russell kọ ìwé kan ní èdè Látìnì, ó ní omi òkun ń wo àrùn kókó ọrùn sàn. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì máa mu ún. Làwọn olówó bá ya wá sí Brighton, tó jẹ́ ìlú apẹja nígbà náà. Ní ọdún 1860, wọ́n dá ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ Brighton Swimming Club sílẹ̀, ó sì wà títí dòní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Tipton, Yunifásítì Portsmouth, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tí òtútù ń ṣe nínú ara. Bí omi tútù bá ba awọ ara lójijì, èèyàn á fa èémí wọlé láìròtẹ́lẹ̀, á máa mí gúlegúle, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì lọ sókè. Bí orí bá wà lábẹ́ omi lásìkò náà, omi ni yóò fà símú. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹni tó bá sì wọ omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní bí ìgbà mẹ́fà, ìpayà ara yìí lè dín kù dé ìdajì.

Ní ọdún 2018, Tipton àti Mark Harper, dókítà kan ní Brighton, wà lára àwọn tó kọ ìròyìn nípa obìnrin ẹni ọdún 24 kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó sì jáwọ́ nínú oògùn. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan péré kò tó fi ṣòfin. Ní Netherlands, ìwádìí ọdún 2016 lórí àwọn èèyàn tó lé ní 3,000 fi hàn pé àwọn tó ń fi omi tútù parí ìwẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pa jẹ fi ìdá 29 nínú 100 dín kù. Àmọ́ iye ọjọ́ tí wọ́n fi ṣàìsàn kò dín.

Àǹfààní wà níbẹ̀, ewu náà sì wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ fẹ́ dán an wò, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ má ṣe dá lọ, ẹ má ṣe bẹ́ sómi, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá jáde, ẹ tètè wọ aṣọ gbígbẹ tó nípọn, torí ara ṣì ń tutù sí i lẹ́yìn téèyàn bá ti kúrò nínú omi.