Ọ̀mì márùn-ún ló gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 lọ́wọ́ Super Eagles

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 tí Nàìjíríà gbá ní ìsọ̀rí C láti wá ọ̀nà dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fìdí rẹmi. Gúúsù Áfíríkà fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, Olómìnira Benin lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, Gúúsù Áfíríkà ló ṣe ipò kìíní pẹ̀lú pọ́ìntì 18, Nàìjíríà àti Benin sì jọ dúró sí 17.

Báwo ni ẹni tí wọ́n nà jù ẹ́ lọ ṣe wá ń ṣíwájú ẹ? Bí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, yálà l'Áládé ní Ìdànrè tàbí l'Ékòó, àwọn kan á ní pẹ́náritì tí Kóńgò Kinshasa fi yọ wọ́n ní Rabat ló ba nǹkan jẹ́, àwọn mìíràn á ní FIFA ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́ àtẹ ìsọ̀rí náà síwájú, tó ṣírò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á rí i pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Rabat. Ọ̀mì ló pa Nàìjíríà.

Bí wọ́n ṣe pín in

Ìdíje ọdún 2026, tí wọ́n fún Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò gbà lálejò, ni àkọ́kọ́ tí FIFA máa fún orílẹ̀-èdè 48 láàyè. 32 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nítorí èyí, ààyè tó kan Áfíríkà tààrà kúrò ní 5, ó di 9. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè 54 sí ìsọ̀rí 9, mẹ́fà-mẹ́fà. Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Benin, Rwanda, Lesotho àti Zimbabwe ló bọ́ sí ìsọ̀rí C. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba àwọn márùn-ún yòókù lálejò, á sì lọ bá wọn nílé, láti November 2023 títí di October 2025. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nìkan ló ń lọ tààrà. Mẹ́rin tó bá dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì ló kù tí á tún máa du àǹfààní kékeré kan.

Ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè 54 ló du ààyè 16. Ìsọ̀rí 12 ni wọ́n pín wọn sí, èyí tó tóbi jù ò sì ju orílẹ̀-èdè márùn-ún lọ, ìyẹn ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 tàbí 8 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbá. Ẹ wo ìsọ̀rí tí Ítálì wà. Ítálì borí lẹ́ẹ̀mẹfà nínú mẹ́jọ, wọ́n sì kó pọ́ìntì 18, iye kan náà tó gbé Gúúsù Áfíríkà dé ipò kìíní. Ṣùgbọ́n Norway borí nínú gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n kó 24, Ítálì sì di igbákejì. Iye pọ́ìntì tẹ́ ẹ kó nìkan kọ́ ló ń sọ ẹni tó ń lọ, iye tí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní ìsọ̀rí bá kó náà wà níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀mì ń jẹ

Ẹni tó bá borí gba pọ́ìntì 3. Ẹni tó bá gbá ọ̀mì gba 1. Nàìjíríà borí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀márùn-ún: 12 àti 5 jẹ́ 17. Gúúsù Áfíríkà borí lẹ́ẹ̀márùn-ún, wọ́n gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹta: 15 àti 3 jẹ́ 18. Ọ̀mì máa ń dà bíi pé èèyàn ò pàdánù ohunkóhun, nígbà tó jẹ́ pé pọ́ìntì 2 ló ti bọ́ lọ. Àgbẹ̀ Ìdànrè tó bá gbé kòkó tí kò gbẹ dáadáa dé orí ìwọ̀n mọ èyí dunjú: kò sí àpò kan tó sọnù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá yọ lára àpò kọ̀ọ̀kan, bí a bá rò ó pọ̀, á tó odidi àpò.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò náà rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, pọ́ìntì 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di 3 nínú líìgì wọn lọ́dún 1981, kí eré má baà máa sú àwọn òǹwòran, nítorí àwọn ikọ̀ tó bá lọ bá èèyàn nílé kàn máa ń dì mọ́ ẹ̀yìn ni, kí wọ́n lè rí ọ̀mì gbé lọ. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994 ni FIFA kọ́kọ́ ti lò ó nínú ìdíje náà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi òfin àtijọ́ ṣírò ìsọ̀rí C. Nàìjíríà á ní 8 àti 5, ìyẹn 13. Gúúsù Áfíríkà á ní 10 àti 3, 13 náà ni. Benin á ní 12. Bí pọ́ìntì bá dọ́gba, iye góòlù tí ikọ̀ kan jẹ ni wọ́n ń wò, tí wọ́n á yọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Nàìjíríà jẹ 15, wọ́n jẹ wọ́n ní 8, ó ṣẹ́ ku 7. Gúúsù Áfíríkà jẹ 15, wọ́n jẹ wọ́n ní 9, ó ṣẹ́ ku 6. Àbájáde kan náà, lábẹ́ òfin àtijọ́, ì bá gbé Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà.

Òfin àtijọ́ yẹn náà ló sì gbé wa dé ìdíje àkọ́kọ́ tí a lọ. Lóṣù October 1993, Nàìjíríà àti Ivory Coast ní pọ́ìntì 5, 5. Góòlù ni Nàìjíríà fi ta wọ́n yọ, lẹ́yìn ọ̀mì 1-1 ní Algiers. Finidi George ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ náà.

Ibi tí pọ́ìntì gbà lọ

Ní November 2023, Lesotho wá bá Nàìjíríà ní Uyo. Lesotho ló kọ́kọ́ jẹ góòlù kí Semi Ajayi tó dá a padà, 1-1. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Zimbabwe náà kọ́kọ́ jẹ, Iheanacho sì dá a padà, 1-1. Ní June 2024, Gúúsù Áfíríkà wá sí Uyo, 1-1 náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni Benin na Nàìjíríà 2-1 ní Abidjan. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, pọ́ìntì mẹ́ta. Victor Osimhen ò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ò dúró lójú kan. José Peseiro ló bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí náà. Finidi George, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ yẹn, ló darí ikọ̀ ní June 2024, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí Benin nà wọ́n. Éric Chelle gba iṣẹ́ ní January 2025. Lábẹ́ Chelle, Nàìjíríà ò fìdí rẹmi mọ́ nínú ìsọ̀rí náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀mì kan wà lábẹ́ Chelle tó burú ju gbogbo wọn lọ. Ní March 25, 2025, Zimbabwe wá sí Uyo. Osimhen jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú 74. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí, ìṣẹ́jú 90 gan-an, ni Tawanda Chirewa bá dá a padà. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn ò wọlé, Nàìjíríà á parí pẹ̀lú pọ́ìntì 19, Gúúsù Áfíríkà á sì wà ní 18 tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ṣe kéré tó.

Onílé tí kò nílé

Ọ̀pọ̀ ò tíì fiyè sí i pé ìdajì àwọn tó wà ní ìsọ̀rí yìí ló ń gba àlejò ní ilé onílé, nítorí pápá ìṣeré wọn ò tó ohun tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, àti FIFA ń béèrè. Benin gba Nàìjíríà lálejò ní Abidjan, ní Ivory Coast, nígbà tí Kútọnu ò jìnnà sí Sẹ̀mẹ̀ rárá. Zimbabwe gba Nàìjíríà ní Huye, ní Rwanda. Lesotho gbà wọ́n ní Polokwane, ní Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn nílé, níwájú èrò tiwọn, síbẹ̀ mẹ́ta nínú ọ̀mì márùn-ún náà, Uyo ni wọ́n ti gbá a.

Ẹjọ́ Mokoena

Àwọn tó ń bá FIFA wíjọ́ náà ní ohun tí wọ́n rí. Ní March 2025, Gúúsù Áfíríkà na Lesotho 2-0, ṣùgbọ́n Teboho Mokoena wà lórí pápá. Mokoena ti gba yẹ́lò káàdì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣáájú ìgbà náà, òfin sì sọ pé ẹni tó bá gba méjì báyìí gbọ́dọ̀ jókòó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Wọ́n gbàgbé, tàbí wọn ò kà á. Ní September 29, 2025, FIFA gba pọ́ìntì 3 náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ 3-0 sílẹ̀ fún Lesotho, wọ́n sì bu owó ìtanràn 10,000 francs Switzerland lé wọn.

Ìdájọ́ yẹn ló tún la ọ̀nà fún Nàìjíríà. Láìsí i, 21 ni Gúúsù Áfíríkà ì bá kó. Kí ọmọ Nàìjíríà tó sì rẹ́rìn-ín, kó rántí November 2017. Nàìjíríà gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Algeria, FIFA sọ ọ́ di 3-0 fún Algeria, nítorí Shehu Abdullahi gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó yẹ kó jókòó nítorí káàdì. Ohun tó yọ wá ni pé a ti pegedé fún ìdíje ọdún 2018 kí ọjọ́ náà tó pé.

October 14

Ọjọ́ ìkẹyìn pé, ikọ̀ mẹ́ta ló ṣì lè dé ipò kìíní. Benin ní 17, Gúúsù Áfíríkà 15, Nàìjíríà 14. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Nàìjíríà ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ àbájáde ẹlòmíràn kó tó wọ pápá. Fún ẹni tó ń wò ó l'Áládé, níbi tí àsìkò ìkórè kòkó ti wọlé, tẹlifíṣọ̀n kan ò tó: Uyo á wà lójú tẹlifíṣọ̀n, Mbombela á wà lójú fóònù.

Osimhen jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú 3 ní Uyo. Kí wọ́n tó jókòó padà, Thalente Mbatha ti jẹ tirẹ̀ ní Mbombela, níbi tí Gúúsù Áfíríkà ti ń bá Rwanda gbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé ara wọn títí dópin. Nàìjíríà 4, Benin 0: Osimhen jẹ mẹ́ta, Frank Onyeka fi ẹ̀kẹrin kún un nígbà tí eré ń lọ sópin. Gúúsù Áfíríkà 3, Rwanda 0.

Ó yẹ ká kíyè sí Benin. Wọn ò tíì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí, ọjọ́ kan péré ló sì kù kí wọ́n dé ibẹ̀. Gernot Rohr, tó gbé Nàìjíríà lọ sí Rọ́ṣíà lọ́dún 2018, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà. Tosin Aiyegun, tí wọ́n bí sí Èkó, ló jẹ góòlù tí wọ́n fi na Rwanda ní Kigali lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú. Junior Olaitan náà ń gbá fún wọn. Fún àwọn ará Kétu àti Sakété, ìlú Yorùbá ní Benin, orúkọ Yorùbá wà nínú ikọ̀ tiwọn, ó sì wà nínú ikọ̀ tó nà wọ́n: Ademola, Tolu, Semi.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé

Ipò kejì ṣì ní àǹfààní. Nítorí pé Eritrea yọwọ́, ìsọ̀rí kan ò pé mẹ́fà mọ́, CAF wá ní kí wọ́n yọ èsì tí igbákejì kọ̀ọ̀kan ní pẹ̀lú ẹni tó gbẹ́yìn kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Zimbabwe ló gbẹ́yìn ní ìsọ̀rí C. Ọ̀mì méjèèjì tí Nàìjíríà gbá pẹ̀lú wọn di ohun tí wọ́n pa rẹ́, pọ́ìntì 17 di 15. Burkina Faso náà ní 15, góòlù ni Nàìjíríà sì fi yọ. Mẹ́rin tí wọ́n jẹ Benin ló ṣiṣẹ́ yẹn.

Rabat ni igbákejì mẹ́rin tó dára jù náà ti pàdé, Nàìjíríà sì na Gabon 4-1 lẹ́yìn àfikún àkókò. Ní November 16, 2025, wọ́n bá Kóńgò Kinshasa gbá ọ̀mì 1-1, Kóńgò sì borí 4-3 nínú pẹ́náritì. Bẹ́ẹ̀ ló parí.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí ọdún 2005. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Nàìjíríà fìdí rẹmi nígbà náà pẹ̀lú. Wọ́n gbá ọ̀mì mẹ́ta, àwọn àti Àǹgólà jọ ní 21. Góòlù Nàìjíríà pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ohun tí òfin ìgbà náà kọ́kọ́ wò ni èsì àárín àwọn méjèèjì: Àǹgólà nà wọ́n 1-0 ní Luanda, wọ́n sì gbá ọ̀mì 1-1 ní Kano. Àǹgólà ló lọ sí Jámánì.

Òfin ń yí padà láti ọdún dé ọdún, àìsàn kan náà ló ṣì ń ṣe ikọ̀ wa. Bí wọ́n bá tún pín ìsọ̀rí fún ìdíje ọdún 2030, àwọn òǹwòran á máa wá orúkọ ńlá tó bọ́ sínú tiwa. Ẹni tó kéré jù níbẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wò. Zimbabwe ò borí ẹnikẹ́ni nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ní ìsọ̀rí C. Pọ́ìntì 5 péré ni wọ́n kó lọ sílé, Nàìjíríà ló sì fún wọn ní 2 níbẹ̀.