Òfin Tí Ó Ń Bá Abọ́ Oúnjẹ Wá Sí Ilé-Ìwé

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Thomas Estate, ní agbègbè Ajah, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Nínú dúróà tábìlì mi, ìwé kan wà tí kì í ṣe ìwé orúkọ, tí kì í sì í ṣe ìwé máàkì. Òfin àwọn òbí ni mo ń kọ sínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, bí mọ́tò bá ti ń tò sí ẹnu géètì, ni àwọn ìyá àti àwọn bàbá yóò máa na abọ́ oúnjẹ sí mi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí mo gbọ́dọ̀ gbọ́ kí n tó gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

“Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó mu omi tútù o.” “Sà, ọmọ yìí kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin.” “Tíṣà, ike tirẹ̀ nìkan ni kí ó ti máa mu omi.” Ọmọ kan wà tí kò gbọdọ̀ mu omi rárá títí yóò fi jẹun tán. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé omi tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ wò kí ó tó fi ẹnu kan ohunkóhun. Ìyá kan tilẹ̀ ní kí n máa ka ẹran inú abọ́ ọmọ òun kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, kí n sì rí i pé òun gan-an ni ó jẹ gbogbo rẹ̀. Mo ka ẹran náà fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí, nítorí ọmọ 34 ni mo ní ní kíláàsì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kò sí ìdílé kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, iyọ̀ kì í sì í wọ inú oúnjẹ òrìṣà wọn. Ọmọ Mùsùlùmí kò ní jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bí oṣù Ramadan bá sì dé, àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú wọn á fẹ́ gbààwẹ̀ bíi ti baba wọn. Tíṣà tí ó bá fi irú nǹkan wọ̀nyí ṣẹ̀sín kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni àwọn òfin tí kò sí nínú ìwé ẹ̀sìn, tí kò sì sí nínú oríkì ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ẹyin ni kí n kọ́kọ́ mú. Ìyá mi àgbà gbà pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹran náà bẹ́ẹ̀: èyí tí ó kéré jù nínú ìkòkò ni ti ọmọdé, bí ó bá rí i rárá. Nígbà tí mo dàgbà ni ìdí rẹ̀ tó yé mi. Ẹyin òní ni adìẹ ọ̀la, adìẹ ọ̀la sì ni owó orí àti aṣọ ọdún. Ọmọ tí ó bá ti mọ adùn ẹyin lè máa tú ìtẹ́ adìẹ kiri, ti ilé àti ti aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ owó ni, wọ́n kàn fi ẹ̀rù olè bò ó lójú ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tí ó wá ń jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀bà láìsí ẹyin, láìsí ẹja, láìsí ẹ̀wà, ikùn rẹ̀ á yọ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n. Ní 1935, Dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí, fi orúkọ tí àwọn Gà ń pe àìsàn náà han gbogbo ayé: kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ìlẹ́ṣà bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé sórí ìwọ̀n, tí ó ń fi àmì sí káàdì tí ìyá ọmọ ń mú lọ sílé. Káàdì náà di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Síbẹ̀, ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ó ń fi ẹyin rẹ̀ pààrọ̀ bísíkíìtì lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ ń di ẹyin fún un, ìyá rẹ̀ àgbà sì ti kìlọ̀ fún un nínú ilé kan náà pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ọmọ náà ti fi ọgbọ́n tirẹ̀ parí ìjà àwọn àgbà méjèèjì.

Ti àgbọn a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní omi àgbọn a máa sọ ọmọ di olódo. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, gbogbo ọmọ etí òkun láti Badagry títí dé Lẹ́kí ì bá má mọ A yàtọ̀ sí B, nítorí ìdí igi àgbọn ni wọ́n gbé dàgbà. Àwọn òbí mìíràn a sì máa kọ òfin omi àgbọn ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n tún wá di ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́ oúnjẹ ọmọ kan náà, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ torí ṣúgà inú rẹ̀ gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìṣúná ọdún 2021.

Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìwé mi ni pé kí ọmọ má ṣe gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bí àwa náà ti ń dàgbà ni a ti ń gbọ́ ìtàn ọmọ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ní àkàrà tàbí ẹ̀pà, tí ó sì di àjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn àjẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tí a ti kọ́ pé oró wà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í kì í pẹ́ kí ó tó máa fi ojú burúkú wo ẹni náà.

Nípa ẹ̀pà, ojú tì mí díẹ̀. Bàbá kan wá, ó ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ẹ̀pà, kò sì gbọdọ̀ jẹ ohun tí wọ́n fi òróró ẹ̀pà sè. Mo rẹ́rìn-ín nínú mi: ọmọ wo ní Ajah ni kì í jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà? Bàbá náà ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán ọmọ náà hàn mí. Ojú rẹ̀ ti wú débi pé kò lè là á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2016, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, jẹ búrẹ́dì tí yànmọ̀tí wà nínú rẹ̀, tí wọn kò kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ náà gan-an. Láti oṣù October 2021 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí ó wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ti dì sílẹ̀ fún títà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni ó mú kí n gbé kálámù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kan, obìnrin kan tí ó ń tajà mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó gbé ike omi ńlá kan lé tábìlì mi.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ìgbàkígbà tí ó bá ní òun fẹ́ mu omi, ẹ jẹ́ kí ó mu ún. Bí ó bá sì ní òun fẹ́ tọ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ.”

Mo ní, “Mà, ṣé kò sí nǹkan?”

Ó ní, “Kò sí nǹkan, sà. Omi ló fẹ́ràn.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti kọ ti oníṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹlẹ́ran. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi mọ bí ó ti ń rí. Bí ọmọ kan bá na ọwọ́ sókè pé òun fẹ́ lọ tọ̀, ọmọ mẹ́fà ni yóò na ọwọ́ tẹ̀lé e. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, gbogbo kíláàsì ti mọ̀ pé òfin tirẹ̀ yàtọ̀, wọ́n sì ti ń pè é ní Olómi. Èmi náà rò pé àkẹ́jù ni.

Ó di ọjọ́ kan nínú oṣù March, oòrùn mú gidigidi, iná ti lọ, fáànù ti dúró, a sì ń ṣe ìdánwò ìṣirò. Ó na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé ike omi rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kí n sọ òótọ́ fún yín: mo gbé e síbẹ̀ kí àwọn yòókù lè rí i pé òfin tèmi ni ó borí. Nígbà tí aago ìsinmi lù, gbogbo wọn sáré jáde, òun kò dìde. Ó di orúnkún rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì ké. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí nǹkan ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ké, ó ti mọ ìrora náà tipẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé fòníkú-fọ̀ladìde ni. Nọ́ọ̀sì ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa rí roboto, ṣùgbọ́n ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bíi dòjé, pàápàá nígbà tí omi ara wọn bá dínkù. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ báyìí, wọn á há mọ́ ojú iṣan, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí ro wọ́n. Kíndìnrín wọn kì í sì í lè di omi mú bíi tiwa, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ̀ léraléra. Omi àti ìtọ̀ tí mo kà sí àkẹ́jù, oògùn ni. Orílẹ̀-èdè wa ni a sì ti ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù lọ ní gbogbo ayé, nítorí náà kò dájú pé òun nìkan ni ó ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá.

Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní ní ilé-ìwé tí ó ti kọ́kọ́ sọ ọ́, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí ó máa mú ọmọ rẹ̀ lọ, pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnìkan kú sí àwọn lọ́wọ́. Ní ilé ọkọ rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, àbíkú ni wọ́n ń pè é. Ó ti wá rí i pé ó sàn kí wọ́n pe ọmọ òun ní Olómi.

Láti ìgbà náà ni mo ti fa ìlà kan sí ojú ìwé mi. Ní apá òsì ni mo ń kọ òfin sí, ní apá ọ̀tún, “Nítorí kí ni?” Yàrá kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì tí mo ń pe àwọn òbí sí, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu géètì. Ìyá olómi tútù sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti kú nínú ikọ́ kan rí. Ó ṣeé ṣe kí omi tútù má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn mọ́. Ẹlẹ́ran ní tirẹ̀ sọ pé ní ilé-ìwé tí ọmọ òun ti wá, ọmọ kan tí ó jù ú lọ ni ó ń gba ẹran rẹ̀ jẹ fún odindi táàmù, ọmọ náà kò sì sọ. Mo tún ti ń ka ẹran báyìí. Ọmọ olómi wà ní kíláàsì karùn-ún, ike rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀, tíṣà rẹ̀ sì mọ ìdí rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè tí ó kọjá, ìyá àgbà kan mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ó gba nǹkankan jẹ lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni o.” Mo ti gbé kálámù, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fúnra mi kọ ìdí rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Mo ní, “Màmá, nítorí àjẹ́ ni, àbí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àjẹ́ kẹ̀? Kí ni àjẹ́ fẹ́ fi wá ṣe? Bí ó bá gba bísíkíìtì wọn lónìí, kí ni yóò mú wá fún wọn lọ́la?”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́.