Àpá Ara Irin Inú Mọ́tò

Bí mọ́tò ti wù kí ó tuntun tó, kò ní pẹ́ tí àpá wẹ́wẹ́ yóò fi máa yọ lára irin inú rẹ̀. Òrùka ọwọ́ awakọ̀ a máa ha ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Bàtà èrò a sì máa ha irin pẹlẹbẹ tí ó wà ní ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn. Ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí onímọ́tò lọ́kàn ni pé kí ó mú bébà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà fi ń mú igi dán, kí ó fi gbo ó. Ibẹ̀ gan-an ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni àpá yìí? Poro ni, bí irú èyí tí ó wà láàrin ebè méjì lóko. Gbígbo kò lè dí poro. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń bu orí ebè kúrò títí ebè yóò fi bá poro dọ́gba. Nítorí náà, kí a tó wá ohun tí a ó fi gbo ó, ó yẹ kí a mọ bí ohun tí a fẹ́ bù kúrò ti nípọn tó.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń dán bí irin ni irin. Nínú ìjàpá Volkswagen àtijọ́, irin gidi tí a kùn lọ́dà ni dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ike ni ó wà nísàlẹ̀. A fi níkẹ́ẹ̀lì bo ike, a sì fi kúróòmù bo níkẹ́ẹ̀lì. Kúróòmù náà kì í sábà nípọn tó ìdá 1 nínú 1,000 mìlímítà. Bí bébà oníyanrìn bá ti kàn án, níkẹ́ẹ̀lì tí àwọ̀ rẹ̀ fà sí ìyeyè yóò yọjú. Bí ọwọ́ kò bá dúró, ike yóò hàn síta.

Alumíníọ̀mù ní ti rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilé iṣẹ́, wọn a máa rì í sínú omi ásíìdì, wọn a sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba ara rẹ̀ kọjá títí ojú rẹ̀ yóò fi di awọ líle. Inú awọ yìí ni aró tí wọ́n fi rẹ ẹ́ máa ń wà. Bí ó bá bó, kò sí ìpara tí ó lè dá a padà.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Kí a kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ nù ún, nítorí pé nígbà mìíràn rọ́bà bàtà tí ó lẹ̀ mọ́ irin ni a ń pè ní àpá. Lẹ́yìn náà, kí a fi èékánná wọ́ ọ kọjá. Bí èékánná bá kọ́, àpá náà ti jìn jù fún ìpara. Bí kò bá kọ́, kí a fi ìpara ìdánrin bíńtín sórí aṣọ funfun, kí a fi gbo kọ́rọ̀ kan tí ojú kì í tó. Bí aṣọ bá dúdú, irin ìhòòhò ni, a lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bí aṣọ bá mọ́ síbẹ̀, ìbòrí wà lórí rẹ̀. Kí a dáwọ́ dúró, àfi bí ó bá jẹ́ kúróòmù tí a sì ní ìpara tirẹ̀ tí kò ní yanrìn nínú.

Irin tí kì í dípẹtà, tí ó ní ìlà tín-ín-rín lójú, ọ̀nà tí ìlà náà gbà lọ ni kí a máa gbo ó sí. Ẹni tí ó bá gbo ó ní ìdábùú ń dá àpá tuntun sí i. Kí a fi téèpù bo aṣọ ìjókòó tí ó wà nítòsí, kí a sì ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀ lọ́la, àpá kékeré lórí kúróòmù sàn fún un ju ike tí ó hàn síta lọ.