Dókítà Lambo ti Arò, ẹni tí ó fi ẹbí kún oògùn

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ní ẹnubodè Kraké níbí, ìdajì òwe náà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Nígbà tí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá ń rìn láàárín àwọn zémidjan àti àwọn ọkọ̀ ẹrù tí ń lọ sí Èkó, àwọn ọ̀dọ́ a máa rẹ́rìn-ín, wọn a gbé fóònù sókè láti ya àwòrán rẹ̀. Ìdajì kejì di ti ẹbí rẹ̀, tí ìtìjú ti lé wọ kọ̀rọ̀. Nítorí irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọmọ Yorùbá kan.

Thomas Adéoyè Lambo ni orúkọ rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1923, ibẹ̀ náà ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Nígbà tí ó padà dé, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Arò, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ilé náà kò tíì parí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó de àwọn bíríkìlà. Lambo kò dúró.

Ó tọ àwọn àgbà abúlé tí ó yí Arò ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba aláìsàn sínú ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó yàrá. Ṣùgbọ́n aláìsàn kankan kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹnìkan nínú mọ̀lẹ́bí gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, kí ó sì mú un padà tí ìtọ́jú bá parí. Ní ilé ìwòsàn, oògùn òyìnbó àti abẹ́rẹ́ wà bí ó ti wà ní London. Ní abúlé, aláìsàn ń gbọ́ èdè tí ó yé e, ó ń rí àwọn ọmọdé tí ń ṣeré, kò sì sí ògiri gíga tí ó yí i ká.

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòroó rí. Ẹni tí a tì mọ́lé lọ́nà jíjìn fún ọdún púpọ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, ta ni yóò gbà á sílé? Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Arò ti mọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó mọ àmì tí ó fi hàn pé àìsàn fẹ́ padà, ẹ̀rù kò sì bà á mọ́.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Èyí ya àwọn dókítà kan lẹ́nu, inú àwọn mìíràn kò sì dùn sí i. Ní tiwa, ibí yìí gan-an ni a rò pé ó ti gbọ́n jù, nítorí ẹni tí ó gbà pé ayé ni ó ń da òun láàmú kò ní fetí sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. (Kí a má ṣì wá gbọ́ o: a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fa ọmọ rẹ̀ lé ẹni tí ń fi pàṣán lé wèrè lọ́wọ́.)

Ní ọdún 1961, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ Faransé, Henri Collomb ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́ ní ilé ìwòsàn Fann ní Dakar: ẹbí ń sùn ti aláìsàn, dókítà, aláìsàn àti mọ̀lẹ́bí sì ń jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ bí ìpàdé àwọn àgbà lábẹ́ igi. Lambo fúnra rẹ̀ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, lẹ́yìn náà ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ó kú ní 2004. Ilé ìwòsàn Arò ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó bá wà ní Kraké kò nílò láti kọjá ẹnubodè kí ó tó rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ibùdó kan wà tí ó jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Saint-Camille. Grégoire Ahongbonon ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ń tún táyà ṣe ní Bouaké. Kì í ṣe dókítà. Ó ń tú àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi sílẹ̀, àwọn tí ara wọn ti yá sì wà lára àwọn tí ń tọ́jú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.