Hẹlikọ́pítà Kọjá Lórí Ajégúnlẹ̀, Níbo Ni Yóò Bà Sí?

Ẹni tó bá dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ máa ń gbọ́ hẹlikọ́pítà kó tó rí i. Páànù á kọ́kọ́ gbọ̀n, àwa ọmọdé á sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú, a ó máa pariwo "báì-báì!" títí yóò fi gba ọ̀nà Àpápá lọ. Mo ti bí ọmọ báyìí, síbẹ̀ tí bàálù agbérapàá bá ń kọjá, mo máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró kí n wòkè. Ìyàwó mi ní àìsàn ni.

Èyí tó ń gbé olówó kò jọ mí lójú. Èyí tó ń gbé ẹni tó fara pa ni mo fẹ́ràn, ogun Bọ́mà ni iṣẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ lójú ìjà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1944, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Carter Harman, fi hẹlikọ́pítà Sikorsky kó èèyàn mẹ́rin jáde nínú igbó. Èrò kan péré ni ẹ̀rọ náà lè gbé, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kó wọn. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, ìbọn ti ba sójà Nàìjíríà kan, Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé, lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan, nínú ogun Bọ́mà yẹn kan náà. Hẹlikọ́pítà kankan ò wá gbé òun. Àwọn ará abúlé ló gbé e pamọ́, bí oṣù mẹ́sàn-án, kó tó bọ́.

Nílé níbí, ikú ọmọdé ló bí iṣẹ́ yìí. Àbúrò Dókítà Ọlá Orékúnrin, ọmọ ọdún 12 tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, wá sinmi ní Nàìjíríà, àìsàn sì dá a gúnlẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ìtọ́jú aláìsàn tí wọ́n rí, Gúúsù Áfíríkà ló wà. Kí ètò tó tò, ọmọ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìlú Òyìnbó sílẹ̀, ó dá Flying Doctors Nigeria sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ilé iṣẹ́ epo wà lára oníbàárà rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Ambode, gómìnà Èkó nígbà náà, tún kó hẹlikọ́pítà 3 fún ọlọ́pàá. Olè ni wọ́n kó ìyẹn wá láti ṣọ́, kì í ṣe aláìsàn.

Ti aláìsàn ni LASAMBUS, àwọn ọkọ̀ áńbúláǹsì tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2001. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ilẹ̀ Àpápá sì nìyí, níbi tí mo ti rí áńbúláǹsì tó há sáàárín tírélà méjì, tó ń ké bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọnù lọ́jà. Kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn lè dín kù, láti oṣù kejì ọdún 2021, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Ètò". Ẹni tó fún un lórúkọ yẹn mọ ohun tá a ṣaláìní.

Ká tiẹ̀ sọ pé hẹlikọ́pítà wá lónìí, níbo ni yóò bà sí? Ilẹ̀ tó fẹ̀ ju abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì ló ń fẹ́, níbi tí wáyà iná ò sí lókè, tí páànù ò sì sí nítòsí, torí pé atẹ́gùn rẹ̀ lè ká páànù kó sọ ọ́ di àdá. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé fara ti ilé, wáyà lọ́ mọ́ra bí irun dàda. Pápá Maracana nìkan ni ojú mi gbà, níbi tí Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, orí òrùlé ilé ìwòsàn ní Whitechapel ni tiwọn ń bà sí. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, mọ́tò ni àwọn dókítà náà ń gùn. Àwọn awakọ̀ sì ń yà fún wọn.

Ní tiwa, 767 tàbí 112 ni kí ẹ tẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ dárúkọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ yín jù, ẹ má sọ pé "Ajégúnlẹ̀" lásán. Ajégúnlẹ̀ tó wà ní Èkó ju ẹyọ kan lọ.