Ṣọ́ọ̀bù Lásán Kọ́: Ilé Kékeré Inú Ọgbà àti Ìwé Àṣẹ Rẹ̀

Ẹni tó bá gba Ring Road láti Challenge lọ sí apá Òkè-Àdó yóò rí i pé ọgbà ọ̀pọ̀ ilé ti ń yí padà. Ibi tí òdòdó wà tẹ́lẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì. Ibi tí mọ́tò bàbá ń sùn ti di ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Kọ̀nténà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, bọ́ìsì-kọ́tà tuntun sì ti yọrí lẹ́yìn ilé. Bí mo bá béèrè bóyá wọ́n gba ìwé àṣẹ, èsì kan ni mo sábà máa ń gbọ́: "Kì í kúkú ṣe ilé, ṣọ́ọ̀bù lásán ni." Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí òfin kò mọ ohun tó ń jẹ́ "lásán".

Ní ọdún 1992, ìjọba ológun ṣe òfin kan lórí ètò ìlú àti ìgbèríko, èyí tí a mọ̀ sí Decree 88. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdàgbàsókè lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ìtumọ̀ tó fún "ìdàgbàsókè" fẹ̀ púpọ̀: iṣẹ́ ìkọ́lé lórí ilẹ̀, nínú rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, wíwó ilé, gígé igi pàápàá, àti yíyí ìlò ilẹ̀ padà lọ́nà tó kan àyíká gan-an. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, ó sì sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni onílé Ring Road ti ń gba ìwé.

Àwọn mìíràn yóò ní ìwé ilé bàbá àwọn wà nílẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n yà sínú pílàànù àtijọ́ nìkan ni ìwé náà dáàbò bò. Yàrá tí kò sí nínú àwòrán yẹn kò sí nínú àṣẹ yẹn. Bí ìwé ilẹ̀ bá sì sọ pé ibùgbé ni a fún yín láyè láti fi ilẹ̀ náà ṣe, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ́lé nìkan mọ́. Ìyípadà ìlò ni, ó sì ní àṣẹ tirẹ̀.

A máa ń gbọ́ pé ará wa kan ní London kọ́ ilé igi sẹ́yìn ilé rẹ̀ láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òfin England ló fi ààlà sí irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ilé kékeré náà kò gbọdọ̀ wà níwájú ilé. Kò gbọdọ̀ mú kí ilé àfikún gba ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé àkọ́kọ́ ká. Bí ó bá wà láàárín mítà 2 sí ààlà aládùúgbò, kò gbọdọ̀ ga ju mítà 2.5 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ibùgbé tó dá dúró gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì tiwa kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Kí ló dé tí òfin fi ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu nítorí yàrá kan? Omi ni ìdáhùn tí ará Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ń mu òjò. Bí a bá da kọnkéré bò ó, omi náà yóò gba ọgbà aládùúgbò, gọ́tà tàbí odò lọ. Ògùnpa ya wọ ìgboro ní oṣù Ògún ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, àgbàrá tún gbé ènìyàn tó lé ní 100 lọ nínú ìlú yìí. Bọ́ìsì-kọ́tà kan ṣoṣo kò lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí onílé kọ̀ọ̀kan bá kọ́ tirẹ̀ tán, ibo ni omi yóò gbà? Yàrá tuntun tún ń béèrè kòtò ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tó lè sún mọ́ kànga ẹlòmíràn ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ń yẹ pílàànù wò ló yẹ kó rí èyí kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Èyí tó kan àwa ọ̀dọ́ jù ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kówó jọ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ìyá tó ti fẹ̀yìn tì, kí owó ilé lè máa wọlé fún un. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri rẹ̀, ìyá ni yóò wá owó ayálégbé padà. Ẹlòmíràn kọ́ bọ́ìsì-kọ́tà sínú ọgbà bàbá, ó rò pé òun ti nílé. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, òfin àdáyébá wa sọ pé kíkọ́lé sórí rẹ̀ kò sọ ọ́ di ti ẹni tó kọ́ ọ. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé pàápàá kì í ṣe ìwé ogún. Nítorí náà, ẹ bá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí owó tó jáde.

Mo mọ̀ pé owó ìwé àti ìdádúró ọ́fíìsì ń lé ènìyàn sá, ẹ̀dùn ọkàn yẹn kò ṣàìtọ́. Síbẹ̀, ẹ kó ìwé ilẹ̀, ìwé survey àti pílàànù àtijọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn Town Planning, kí ẹ béèrè ohun tí wọn yóò gbà fún ibi tí ilé yín wà. Kí ayàwòrán-ilé tó forúkọ sílẹ̀ ya àwòrán tuntun. Ẹ gba rìsíìtì owó tí ẹ bá san, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe bíríkìlà.