Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Tán

Ṣé o ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí? Ní ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a máa ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti bọlá fún àwọn ìyá wa. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ a máa kọrin. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn oníjó a dé ère igi sórí, wọn a so irin tó ń dún mọ́ ẹsẹ̀. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ayé.

Onílù ń fi ìlù sọ̀rọ̀. Oníjó ń tẹ́tí, ó ń fi ẹsẹ̀ dáhùn. Bí ìlù bá dúró, ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró. Bí oníjó kò bá gbọ́ ìlù tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì í, gbogbo èrò yóò sì mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu rí. Ìyá sọ fún ọmọ kan pé, "Bu omi wá nínú ìkòkò, kí o sì dé e padà." Ọmọ náà gbọ́ "bu omi", ó ti sáré lọ. Kò dé ìkòkò. Ewúrẹ́ wá, ó ki ẹnu bọ omi náà. Ìyá dà á nù. Ní agbègbè Kétu, omi ṣọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá náà tún gbéra, ó lọ wá omi mìíràn.

Ta ni kì í tẹ́tí dáadáa?
- Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu.
- Ẹni tó ń ṣeré nígbà tí a ń bá a sọ̀rọ̀.
- Ẹni tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí kò dúró gbọ́ òpin.
- Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé, tó sì ní, "Ó ti yé mi."

Kí ni kí o ṣe?
- Fi eré sílẹ̀, kí o kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.
- Pa ẹnu mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí.
- Tún iṣẹ́ tí a rán ọ sọ kí o tó lọ: "Ìyá, ẹ ní kí n bu omi wá, kí n sì dé ìkòkò."
- Bí kò bá yé ọ, sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Etí méjì ni a ní, ẹnu kan ṣoṣo ni.

Ìbéèrè
1. Kí ni oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe bí ìlù bá dúró?
2. Apá wo nínú ọ̀rọ̀ ìyá ni ọmọ náà kò gbọ́?
3. Olùkọ́ yóò pe "ọkọ́" àti "ọkọ̀". Tẹ́tí dáadáa: èwo ni a fi ń ro oko? Èwo ni a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò?